Kí ni kí n kọ sábẹ́ orúkọ mi: ẹnjiníà, pródúsà, àbí kí lẹ wí?

ỌmọMọ́kọ́lá kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìdúró de iná.

Iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀ ni mo ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Yàrá kan péré ni stúdíò mi. Fọkanáísà ló wà nísàlẹ̀ wa, nítorí náà bó bá ti tan ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, a máa dúró kó ṣe tán ká tó máa kọrin lọ. Mi ò kọ́ṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àkáǹtì ni mo kà ní Póli. Ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ mí dà báyìí: èmi ni mo máa ń so wáyà tó bá já, ni wọ́n bá ní kí n kúkú jókòó ti míkísà. Nígbà tó yá, mo ra máìkì Shure SM58 tòkunbọ̀ kan l'Ógùnpa, mo ra Focusrite kékeré oníhò méjì, ẹ̀rọ tó ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, mo fi fóòmù bo ògiri. Fídíò orí YouTube ni ọ̀gá mi, òun pẹ̀lú àwọn àwo tí bàbá mi kó jọ.

Ẹni tó bá wá ni mò ń gbà. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá alásàláátù, akéwì tó fẹ́ polówó àgbo lórí rédíò, ọmọ àdúgbò tó gbé bíìtì wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní kí n kàn fi ohùn òun lé e. Nígbà míì, mo kàn máa gba ohùn ni, ó parí. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, èmi ni mo máa sọ fún àwọn alto pé ohùn wọn ti wálẹ̀, èmi ni mo máa ní kí ègbè má tíì wọlé títí ìlà kejì yóò fi parí, èmi ni mo máa gbé máìkì kúrò lójú dùndún gan-an, kí n fà á sẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí bó bá sún mọ́ awọ jù, ìró kọ̀ǹgọ́ nìkan lẹ máa gbọ́, ohun tí ìlù ń sọ á sọnù. Lẹ́yìn ìyẹn ni míìsì, ìyẹn ni kí n da gbogbo ohùn àti ìlù pọ̀ kí wọ́n lè bára mu. Gbogbo rẹ̀, owó kan náà.

Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ iṣẹ́ mi rí, àfi láìpẹ́ yìí tó di pé gbogbo wọn ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Atẹ̀wé tó ń bá mi ṣe káàdì ní orúkọ lásán kò bójú mu. Ẹgbẹ́ akọrin kan tí mo gba àwo wọn fẹ́ gbé e sórí Spotify àti Apple Music. Ẹni tó ń bá wọn ṣètò rẹ̀ l'Ékòó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, àpótí kan wà níbẹ̀ fún producer, òmíràn fún recording engineer, òmíràn fún mixing engineer, òmíràn fún mastering engineer. Wọ́n ní kí n kún un kí wọ́n rí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ti ilé àna ló wá le jù. Bàbá àfẹ́sọ́nà mi, ẹnjiníà gidi ni wọ́n, títì àti afárá ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ wọn ti lọ sọ nílé pé sound engineer ni mí. Mo dé ibẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé Fanta fún mi, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ẹ káàbọ̀. Ọdún wo lẹ forúkọ sílẹ̀ ní COREN?" COREN ni àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n tiẹ̀ ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀! Fanta yẹn pá mi lórí.

Pródúsà náà kò wọ̀ mí lára. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ti ní láptọ́ọ̀pù àti FL Studio, pródúsà ni, èmi kì í sì í ṣe bíìtì. "Studio manager" ńkọ́? Ta ni mò ń ṣe máníjà lé lórí? Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ń pe ara yín? Ṣé ẹni tó fi etí ara rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí lè kọ "engineer" láìjẹ́ pé ó ń parọ́?

BíìtìGbóná kọ:

Bọ̀dá mi, pródúsà ni jàre. Kọ ọ́ gàdàgbà gadagba. Ta ló máa bi ẹ́ ní sátífíkéètì? Mélòó nínú àwọn tó ń jẹun nídìí orin l'Ékòó ló kọ́ ọ nílé ìwé? Cobhams Asuquo, òfin ló ń kà ní Yunifásítì Èkó kó tó fi í sílẹ̀ nítorí orin. Ṣé ẹnì kan ti bi í pé ìwé-ẹ̀rí pródúsà rẹ̀ dà?

Oníbàárà kò mọ recording engineer. Bó bá wọlé, ohun tó máa sọ ni pé "Pródúsà dà?" Ìwọ náà dáhùn, kó o gbowó ẹ.

Ti bàbá ìyàwó, sọ fún wọn pé CEO ni ẹ́. Kò sí COREN fún CEO.

Alámọ̀Iná kọ:

Mo rẹ́rìn-ín CEO yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún arákùnrin yìí. Ẹnjiníà iná ni mí, mo forúkọ sílẹ̀ ní COREN, mo sì mọ ohun tí bàbá yẹn ní lọ́kàn.

Òfin tó gbé ọ̀rọ̀ ẹnjiníà kalẹ̀ ní Nàìjíríà ti wà láti 1970, wọ́n tún un ṣe ní 1992, wọ́n tún tún un ṣe ní 2018. COREN ló ń ṣọ́ ọ. Ohun tó sọ kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn: bí wọn ò bá tíì fi orúkọ rẹ sínú ìwé wọn, o ò gbọdọ̀ máa pe ara rẹ ní ohun tí àwọn tó wà nínú ìwé náà ń jẹ́. Kódà ọmọ tó gba dìgírì ẹnjiníà tó ya fọ́tò pẹ̀lú gáùn ní yunifásítì, bí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí "Engr." Àwọn tẹknọ́lọ́jíìsì tó ka HND, àwọn tẹkiníṣíànì, títí dórí oníṣẹ́ ọwọ́, gbogbo wọn ní àyè tiwọn níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ tiwọn. Àwa tí a jókòó ṣèdánwò, tí a dúró níwájú àwọn àgbà kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò, kì í dùn mọ́ wa bí a bá rí i lára ọkọ̀ ẹni tó ń ta sólà.

Nítorí náà, "Engr." níwájú orúkọ rẹ, lórí káàdì, lórí ìwé ìpè ìgbéyàwó, lórí WhatsApp, má dán an wò.

"Recording engineer" lẹ́yìn àwo, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ipa tí o kó nínú àwo yẹn ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa kà á tó máa gbé àwòrán afárá wá fún ọ pé kí o fọwọ́ sí i. Èmi ò rí àbùkù kankan nínú ìyẹn. Lọ́jọ́ tí o bá padà lọ sílé àna, tètè sọ fún bàbá pé ohùn ni iṣẹ́ rẹ, kì í ṣe kọnkéré. Àwọn àgbà ẹnjiníà fẹ́ràn ẹni tó bá tètè sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

ÌyáTéèpù kọ:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo kà á, mo rántí nǹkan púpọ̀, nítorí náà ó máa gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ń yán, kó fò ó.

Mo wọ stúdíò l'Ékòó ní nǹkan bí 1987. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣì wà nílẹ̀ dáadáa: Decca ti di Afrodisia, EMI ti di Ivory, Phonodisk tí Alhaji Haruna Ishola dá sílẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Téèpù fífẹ̀ íǹṣì méjì la ń lò, ojú ipa 24 ló wà lórí rẹ̀, ìyẹn àyè 24 tí a lè gba ohùn sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ni iṣẹ́ tèmi? Kí n máa ṣọ́ téèpù. Tape operator ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà kò lè mọ ohun tíyẹn jẹ́. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n íǹṣì 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sáré téèpù, róòlù kan á tán kí ìṣẹ́jú 17 tó pé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, fújì tàbí jùjú ìgbà yẹn, ojú àwo kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tí kì í dúró, ìṣẹ́jú 18, ìṣẹ́jú 20. Nítorí náà íǹṣì 15 la ń lò, kí téèpù lè tó ìṣẹ́jú 33. Ohùn kì í mọ́ tó ti 30, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti ní kí bàbá onífújì dúró níbi tó ti ń ki olówó? Èmi ni mo máa wo iye tó kù, tí mo máa na ìka sí ẹnjiníà lẹ́yìn gíláàsì, tí òun náà á na ìka sí pródúsà, tí pródúsà á wá wá bí yóò ṣe fi ojú bẹ bàbá.

Ṣé o rí i? Kò sẹ́ni tó yan orúkọ fún ara rẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí o jókòó sí ni wọ́n fi ń pè ọ́. Pródúsà ti ọ́fíìsì wá, òun ló mọ iye tí iléeṣẹ́ fẹ́ ná, òun ló mú akọrin wá, òun ló lè sọ pé "ẹ tún un kọ." Ẹnjiníà kò láṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀, àfi bí ohùn bá fọ́. Ẹni tó ń gé àwo fún títẹ̀, ọ̀tọ̀ ni òun náà. Ìdààmú tìrẹ wá láti inú kọ̀ǹpútà: ó kó àga mẹ́rin jọ, ó ní kí ènìyàn kan jókòó lé gbogbo wọn.

Ohun tí mo fi ń mọ̀ ọ́n nìyí. Bí àwo bá jáde tí kò dára, ta ni wọ́n máa pè? Bó bá jẹ́ pé ohùn ló fọ́, tí ìlù bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹ gbọ́ jẹnẹrétọ̀ nínú rẹ̀, ẹnjiníà ni wọ́n ń wá. Bó bá jẹ́ pé orin náà gùn jù, tí olórin ṣi ohùn tí wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ègbè wọlé níbi tí kò yẹ, pródúsà ni. Wàyí o, wo ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ. O ní ìwọ lo sọ fún alto pé ohùn wọn ti wálẹ̀. O ní ìwọ lo ní kí ègbè dúró. Ọmọ mi, iṣẹ́ pródúsà lò ń ṣe fún ẹgbẹ́ akọrin yẹn, o sì ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́! Ọmọ tó gbé bíìtì wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ìwọ kì í ṣe pródúsà rẹ̀, o gba ohùn rẹ̀, o ṣe míìsì, ó tán. Akéwì alágbo, bó bá jẹ́ ìwọ lo yan fèrè tí o fi sábẹ́ ohùn rẹ̀, tí o gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó lè wọ ìwọ̀n àkókò tí rédíò fún un, pródúsà ni ọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà má wá orúkọ kan tí yóò bo gbogbo rẹ̀. Àwo kọ̀ọ̀kan ni kó máa sọ tìrẹ.

Ti mastering, ìyẹn àtúnṣe ìkẹyìn tí wọ́n ń ṣe sí ohùn àwo kó tó jáde, jọ̀wọ́ fi àpótí yẹn sílẹ̀ lófìfo bí kò bá sí ẹlòmíì tó fi etí tuntun gbọ́ ọ. Kí ohùn kàn dún sókè sí i kì í ṣe mastering. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń bí mi nínú lórí ìyẹn.

O béèrè nípa ẹni tí kò lọ síléèwé. Nígbà tí Paul McCartney wá gba orin ní stúdíò EMI l'Ápápá ní 1973, Geoff Emerick ló jẹ́ ẹnjiníà rẹ̀. Emerick kò ka ìwé kankan nípa ohùn. Ọ̀dọ́mọdé tí kò tíì pé ogún ọdún ni nígbà tó wọ EMI ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 bí ọmọ iṣẹ́. Ní 1966, ó ti ń jókòó nídìí ẹ̀rọ fún The Beatles. Ìyẹn tilẹ̀ rí ọ̀gá kọ́ ọ. Rudy Van Gelder tó gba ọ̀pọ̀ àwo jáàsì Blue Note sílẹ̀, ẹni tó ń yẹ ojú wò fún àwọn tó fẹ́ lo gíláàsì ni. Pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ló sọ di stúdíò. Bó bá di ọ̀sán, ó ń yẹ ojú wò. Bó bá di àkókò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gba orin. 1959 ló tó kọ́ stúdíò tirẹ̀ sí Englewood Cliffs, tó sì fi iṣẹ́ ojú sílẹ̀. Lọ wo ẹ̀yìn àwọn àwo yẹn, wo ohun tí wọ́n kọ: "Recording by Rudy Van Gelder." Wọn ò pè é ní nǹkan kan. Ohun tó ṣe ni wọ́n kọ, orúkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Títí di òní, àwọn tó ń ra àwo máa ń yí i padà láti wá orúkọ yẹn.

Èmi ì bá ṣe káàdì rẹ bẹ́ẹ̀.

Títí_Peckham kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Mà. Mo fẹ́ fi kún ti COREN pé kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Níbí ní Ìlú Ọba, ẹni tó wá tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, engineer ni. Ẹni tó wá so íntánẹ́ẹ̀tì, engineer ni. "Chartered Engineer" ni wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n bí arákùnrin yìí bá bá iṣẹ́ dé Jámánì, kó ṣọ́ra, òfin ló ń dáàbò bo "Ingenieur" níbẹ̀. Tonmeister ni àwọn ń pe ẹni tó mọ orin tó tún mọ ẹ̀rọ, wọ́n sì ti ń kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Detmold láti 1949.

Ọ̀rọ̀ etí tuntun yẹn, Mà, ẹ ṣeun. Mo ti fi han ọkọ mi.

ỌmọMaryland kọ:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, torí òun ló jẹ́ kí fọ́ọ̀mù yẹn ṣe pàtàkì ju káàdì lọ.

L'Amẹ́ríkà níbí, SoundExchange ló ń gba owó lọ́wọ́ rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ti sátẹ́láìtì bíi SiriusXM. Nínú owó àwo kan, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni àwo, 45 sọ́dọ̀ akọrin tí orúkọ rẹ̀ wà lójú àwo, 5 sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́gbè àti onílù. Ẹ ò gbọ́ pródúsà níbẹ̀, ẹ ò gbọ́ ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n akọrin lè kọ lẹ́tà sí SoundExchange pé nínú 45 tòun, kí wọ́n máa yọ iye báyìí fún ẹni tó bá òun ṣe é. Òfin Music Modernization Act tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018 wá fi ẹsẹ̀ ètò yìí múlẹ̀, ó sì dárúkọ wọn: pródúsà, ẹni tó ṣe míìsì, ẹnjiníà ohùn.

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè sátífíkéètì nínú rẹ̀. Ipa tí o kó ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú lẹ́tà tí akọrin fọwọ́ sí. Nítorí náà, bí àwo ẹgbẹ́ akọrin yẹn bá ń lọ káàkiri ayé tí orúkọ rẹ kò sí nínú àpótí kankan, kí lo máa fi hàn lọ́jọ́ tí orin wọn bá gbiná láàárín àwọn Nàìjíríà ní Houston? Ti Spotify kò gba ọ̀dọ̀ SoundExchange kọjá, ìyẹn á wà nínú àdéhùn tí ìwọ àti àwọn akọrin bá kọ. Kọ ọ́ kí wọ́n tó kọ orin. Bí orin bá ti parí tán, ojú á ti ọ́ láti béèrè.

BíìtìGbóná kọ:

Mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o. Ẹ ní ọmọ tó gbé bíìtì wá kò ní pródúsà nínú yàrá. Lóde òní, bíìtì ni orin! Ẹni tó ṣe bíìtì ló yan bí orin ṣe máa yára tó, ló yan ibi tí ohùn máa wọlé, ló kọ orin dùùrù tí gbogbo ènìyàn ń fi ẹnu kùn. Èmi ò jókòó nínú ọ́fíìsì EMI, pródúsà ni mí.

ÌyáTéèpù kọ:

Mo gbọ́, ọmọ mi. Mi ò bá ọ jà. Ẹni tó ṣe bíìtì ti kọ apá kan nínú orin náà, ìyẹn sì ju pródúsà lọ: ẹ̀tọ́ òǹkọrin ló ní. Ṣé o ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn òǹkọrin gba owó ẹ̀tọ́ wọn ní Nàìjíríà? Ṣé ìwọ àti àwọn tó ń kọrin lórí bíìtì rẹ ti kọ ìpín kálukú sílẹ̀? Bí o bá ní "wọ́n kọ orúkọ mi sí produced by, ó tó," o ti fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìyẹn ló ń ká mi lára ju orúkọ tí ò ń jẹ́ lọ.

Ohun tí mo sọ nípa ọmọ Mọ́kọ́lá kò yí padà. Kì í ṣe òun ló ṣe bíìtì yẹn.

BíìtìGbóná kọ:

Mi ò tíì forúkọ sílẹ̀ o. Mò ń bọ̀ nínú inbox yín, Mà.

ỌmọMọ́kọ́lá kọ:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Iná ló mú lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo bá a dé. Káàdì ti wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Orúkọ mi ló wà lókè, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni "Gbígba orin sílẹ̀ àti míìsì. Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn," nọ́ńbà mi, àti àmì tí ènìyàn lè fi fóònù yà kó gbọ́ iṣẹ́ mi. Atẹ̀wé ní ó dà bí káàdì ẹni tó ń kun ilé. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù, mo kún àpótí recording engineer àti mixing engineer. Mo fi mastering sílẹ̀, Mà. Mo pe olórí ẹgbẹ́ akọrin lórí ti pródúsà, mo rán an létí alto àti ibi tí ègbè ti wọlé, mo ní kí ó jẹ́ kí èmi àti òun jọ jẹ́ ẹ. Wọ́n ní àwọn máa fi í sínú àdúrà. Ẹ̀yin tó mọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n èmi náà ò tíì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

Mo pe bàbá àfẹ́sọ́nà mi lórí fóònù, mo ṣàlàyé bí Alámọ̀Iná ṣe ní kí n ṣe é. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, àwọn kàn fẹ́ rí ohun tí mo máa sọ ni. Wọ́n wá béèrè bóyá mo lè gba orin ìyìn ìyá wọn tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí fóònù.

Ìbéèrè kan ṣì kù, Mà. Bí mo bá kọ iṣẹ́ nìkan tí mi ò kọ oyè, ṣé wọn ò ní máa fojú ọmọ iṣẹ́ wò mí? Ẹnì kan wà ní òpópónà kejì tó kọ "International Hit Producer" sára ògiri, owó rẹ̀ ju tèmi lọ ní ìlọ́po méjì, mo sì mọ bí míìsì rẹ̀ ṣe ń dún.

ÌyáTéèpù kọ:

Ṣé ó ní iná ju ọ́ lọ ni? Ṣé AC wà níbẹ̀? Èmi rò pé ìyẹn ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe ohun tó kọ sára ògiri. Fi díẹ̀ lé owó tìrẹ. Kásẹ́ẹ̀tì ìyá bàbá yẹn, fi òwú àti spirit nu orí ẹ̀rọ kí o tó fi sí i, bí téèpù bá sì ti ń lẹ̀ mọ́ra, má ṣe fi ipá yí i. Pè mí.

Alámọ̀Iná kọ:

Ọmọ Mọ́kọ́lá, ẹgbẹ́ akọrin wa fẹ́ gba orin ìkórè mẹ́rin, a tó ènìyàn méjìlá. Ṣé a lè gba yàrá yẹn? Èló ni? Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

ỌmọMọ́kọ́lá kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ènìyàn méjìlá kò gbà á, ẹ jẹ́ ká gba àwọn soprano àti alto lọ́tọ̀, kí tenor àti bass wá ní ọ̀sán. Mi ò kì í tan jẹnẹrétọ̀ bí máìkì bá wà ní títàn, inverter ni mò ń lò. Ọjọ́ Sátidé kò dára, fọkanáísà máa ń rí iṣẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Mo ti fi iye owó ránṣẹ́ sí inbox yín, ti gbígbà lọ́tọ̀, ti míìsì lọ́tọ̀, ti kí n máa bá yín tún ègbè tò náà wà níbẹ̀ lọ́tọ̀.